Bí A Ṣe Ń Ṣàlàyé Sáyẹ́ǹsì Ní Yorùbá: Ọ̀rọ̀-Ìṣe Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wá

Bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣàlàyé ní Yorùbá bí fíríìjì ṣe ń mú omi tutù, tàbí ohun tó ń mú irin dógùn-ún, ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń sá lọ ni ìwé atúmọ̀ èdè. Wọ́n á to àwọn orúkọ ńláńlá inú ìwé òyìnbó kalẹ̀, wọ́n á wá Yorùbá fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì so wọ́n pọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Irú gbólóhùn tó ń ti ibẹ̀ jáde nìyí: "Ìgbóná máa ń ṣe okùnfà ìyípadà omi láti ipò ṣíṣàn sí ipò afẹ́fẹ́." Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kì í ṣe Yorùbá, síbẹ̀ kò sí ọmọ Yorùbá tó ń sọ̀rọ̀ báyẹn. Ẹni tó gbé omi kaná á kàn ní: "Omi ti ń gbẹ lórí iná." Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré, ọmọ ọdún márùn-ún sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún olùkọ́, fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì lórí rédíò, fún ẹni tó ń ṣe fídíò fún àwọn ọmọdé, àti fún ẹni tí wọ́n ní kó túmọ̀ ìwé ìlò ẹ̀rọ. Ohun kan ṣoṣo ló wà nídìí rẹ̀: ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Orúkọ á tẹ̀lé e, tí ẹ bá tilẹ̀ nílò rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Yorùbá kò gba sáyẹ́ǹsì. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàrin àwọn ẹ̀kọ́. Àríyànjiyàn yẹn ti parí tipẹ́. Ọgbọ́n tí a ó fi ṣe é ló kù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo iṣẹ́ náà lójú ayé, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan

Ẹ mú iṣẹ́ kan tí ẹ lè fojú rí. Gàrí ni n ó fi ṣàpẹẹrẹ, nítorí kò sí ìlú tí ẹ kò ti ní rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ mú bírò àti ìwé dání lọ síbẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ ẹ̀rọ kankan, ẹ má kọ orúkọ ìlànà kankan. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe àti ohun tí ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ń ṣe ni kí ẹ kọ. Bí ìwé yín á ṣe rí nìyí:

Wọ́n fà á tu. Wọ́n bẹ ẹ́. Wọ́n fọ̀ ọ́. Wọ́n rin ín. Wọ́n rọ ọ́ sápò, wọ́n fi jáákì tẹ̀ ẹ́, wọ́n fún omi rẹ̀ dànù. Ó kan. Wọ́n tú u, wọ́n jọ̀ ọ́. Wọ́n dín in títí ó fi gbẹ. Wọ́n tẹ́ ẹ kó tutù.

Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ wa látilẹ̀wá. Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀, àwọn Potogí ló gbé e wọ Áfíríkà, àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá sí Èkó àti agbègbè rẹ̀ sì wà lára àwọn tó jẹ́ kí ọgbọ́n gàrí ṣíṣe tàn kálẹ̀. Àjèjì ni irúgbìn, àjèjì ni ọgbọ́n, síbẹ̀ nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ yẹn, jáákì nìkan ló wọ̀lú tòun ti orúkọ rẹ̀. Rin, fún, jọ̀, dín: inú ilé ni gbogbo wọn ti wá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gẹ́ yìí náà ló lè ṣẹlẹ̀ sí fíríìjì, sí bátìrì, sí àjẹsára. Nǹkan tuntun lè wọlé kí ọ̀rọ̀-ìṣe àtijọ́ gbà á.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ya ohun tí ènìyàn ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ gàrí yẹn, "wọ́n" ló ṣáájú púpọ̀ nínú wọn. "Ó" ló ṣáájú ìyókù: ó kan, ó gbẹ, ó tutù. Ẹ fa ìlà sábẹ́ àwọn "ó" wọ̀nyẹn, nítorí ibẹ̀ ni sáyẹ́ǹsì gan-an fara pamọ́ sí. Kò sẹ́ni tó ń kan gàrí. Ènìyàn á gbé e sílẹ̀, òun á kan fúnra rẹ̀. Nítorí náà ìbéèrè tí ẹ ó dáhùn ni: kí ló ń ṣe é nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án?

Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí ló ń jẹ ṣúgà inú ẹ̀gẹ́, wọ́n á sì sọ ọ́ di ásíìdì. Ásíìdì yìí ló kan yín létè. Bó bá ṣe pẹ́ tó nínú àpò ni gàrí ń kan tó. Ẹni tó bá mọ gàrí Ìjẹ̀bú mọ̀ pé wọn kì í kánjú tú àpò.

"Rin" náà ní ohun tó fi pamọ́. Nínú ẹ̀gẹ́, èròjà kan wà tó ń jẹ́ linamarin. Èròjà kejì wà nínú ẹ̀gẹ́ kan náà, linamarase, tó lè tú u palẹ̀, àmọ́ àwọn méjèèjì kò sí lójú kan. Ara ẹ̀gẹ́ ló là wọ́n láàrin. Bí a bá ti rin ín, ògiri àárín wọn á wó, wọ́n á pàdé, linamarin á tú, sáyánáìdì tó jẹ́ májèlé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ní nǹkan bí 26°C péré ni sáyánáìdì yìí ti ń hó, nítorí náà púpọ̀ nínú rẹ̀ á bá afẹ́fẹ́ lọ, òmíràn á bá omi tí a fún dànù lọ, iná agbada á sì lé ìyókù. Ẹ ò wá rí i pé bí a bá kàn sọ pé "a ń rin ẹ̀gẹ́ kó lè kúnná", òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a ti fo ohun tó ń gba ẹ̀mí là. Ẹ̀gẹ́ kíkorò tí ẹnì kan bẹ, tó sè lódidi, tó sì jẹ, lè ṣe é léṣe. Èyí tí wọ́n rin, tí wọ́n fún, tí wọ́n dín, ìyẹn gàrí ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ so iṣẹ́ mọ́ àbájáde rẹ̀

Èyí ni ibi tí Yorùbá ti ní agbára jù lọ, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó ń túmọ̀ ti ń fi í sílẹ̀ jù. Nínú èdè wa, iṣẹ́ ọ̀tọ̀, àbájáde ọ̀tọ̀. "Mo sè é, kò jinná." "Mo fọ̀ ọ́, kò mọ́." "Mo wá a, n kò rí i." Ọ̀rọ̀-ìṣe kìíní sọ ohun tí ọwọ́ ṣe, èkejì sọ ohun tí ojú rí. Ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò nínú ilé ẹ̀kọ́ kò nílò ju èyí lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ẹ mú omi nínú ife mẹ́ta. A bu iyọ̀ sínú èkíní, a rò ó, ó yọ́ tán. A da òróró sínú èkejì, a rò ó, kò dà pọ̀ mọ́ omi. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó léfòó. A bu iyanrìn sínú ẹ̀kẹta, a rò ó, omi dàrú. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, iyanrìn rì, omi tòrò. Iṣẹ́ kan náà la ṣe nínú ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: a bu nǹkan sí i, a rò ó. Àbájáde ló yàtọ̀. Ọmọ tó bá kọ ọ́ báyìí ti kọ ìròyìn àyẹ̀wò tó pé, kò sì tíì lo orúkọ ìlànà kankan.

Nínú ìtọ́ni, ẹ má ṣe kọ ọ̀rọ̀-ìṣe iṣẹ́ nìkan, ẹ fi àbájáde tẹ̀lé e kí ẹni tó ń ṣe é mọ ìgbà tí yóò dúró: lọ̀ ọ́ kúnná, fún un gbẹ, sè é jinná, pò ó pọ̀, sá a gbẹ. "Ẹ fún gàrí" kò tó. Àpò tí omi ṣì wà nínú rẹ̀ náà, wọ́n ti fún un. "Ẹ fún un gbẹ" ló sọ ibi tí iṣẹ́ parí sí. Mo ti rí ìwé ìlò oògùn apakòkòrò kan tí wọ́n túmọ̀, tó ní kí àgbẹ̀ "ṣe ìdàpọ̀ oògùn àti omi". Ṣé kó dà wọ́n pọ̀ lásán ni, àbí kó rò ó títí oògùn á fi yọ́ tán? Kò sọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ṣọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹnu wọn gbòòrò

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà tó jẹ́ pé nǹkan méjì tàbí mẹ́ta tí sáyẹ́ǹsì yà sọ́tọ̀ ló wà lábẹ́ wọn. Èyí kì í ṣe àléébù. Ẹ kàn gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì fi gbólóhùn yòókù ṣe ìyàtọ̀.

Yọ́ ni ẹ kọ́kọ́ máa bá pàdé. Òrí yọ́ nínú oòrùn. Ṣúgà yọ́ sínú omi. Ti àkọ́kọ́, ooru nìkan ló ṣe é, òrí ṣì ni òrí. Ti èkejì, nǹkan méjì ló di ọ̀kan. Ẹ sọ ohun tó yọ́ ọ, ẹ sọ ibi tó yọ́ sí, kò ní sí ìdàrúdàpọ̀.

Dì náà rí bẹ́ẹ̀. Omi dì nínú fíríìsà, epo pupa dì nígbà ọyẹ́, ẹ̀jẹ̀ dì lójú ọgbẹ́. Òtútù ló fa méjì àkọ́kọ́. Bí ẹ bá gbé wọn sójú iná, wọ́n á yọ́ padà. Ẹ̀jẹ̀ kò bá òtútù tan, kò sì ní yọ́ padà. Nítorí náà ẹ kọ "òtútù mú un dì" níbi tó bá jẹ́ òtútù.

Hó máa ń kó àwọn ọmọ láyà sókè. Omi hó lórí iná, ọṣẹ hó nínú baàfù, ẹmu hó nínú akèrègbè. Ohun tí "hó" ń sọ ni pé nǹkan ń yọ jáde láti inú omi, ó ń ru wá sókè. Nínú omi tó wà lórí iná, omi fúnra rẹ̀ ló di oru, ní 100°C tó bá jẹ́ etíkun bíi ti Èkó. Nínú ẹmu, kò síná rárá; kòkòrò ìwúkàrà ló ń jẹ ṣúgà ẹmu tó sì ń tú gáàsì jáde. Nínú ọṣẹ, afẹ́fẹ́ lásán ni ọwọ́ yín tì wọ inú rẹ̀.

Gbẹ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, nítorí ó ń tún èrò ọmọ ṣe. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rò pé omi kò lè di oru àfi tó bá hó. Ẹ bi wọ́n pé: aṣọ tí ẹ sá sórí okùn láàárọ̀, ṣé ó hó kó tó gbẹ? Omi kúrò lára aṣọ, kò sì gbóná dé ibì kankan. Ó ń di oru díẹ̀díẹ̀ láti ojú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Ìdí nìyẹn tí aṣọ fi ń tètè gbẹ nígbà ọyẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọjọ́ tutù: afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ, ó sì ń fẹ́.

Ti oru tó ń di omi padà ńkọ́? Àwọn kan á ní ìgò omi tútù "ń làágùn". Ọ̀rọ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n ó ń tan ènìyàn jẹ, nítorí inú ara ni òógùn ti ń jáde, omi tó wà lára ìgò kò sì ti inú ìgò wá. Inú afẹ́fẹ́ ló ti wá. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ yá ọ̀rọ̀-ìṣe ìrì: ìrì ń sẹ̀ sára koríko lóru, omi ń sẹ̀ sára ìgò lọ́sàn-án. Ohun kan náà ni. Oru inú afẹ́fẹ́ pàdé ohun tó tutù, ó di omi sí i lára. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n rí i, ẹ ṣí ọmọrí ìkòkò tó ń hó, kí ẹ yí inú rẹ̀ sókè.

Ti bíbàjẹ́, ẹ má fi "bàjẹ́" nìkan ṣe é. Ọbẹ̀ kan, búrẹ́dì bu, ẹran jẹrà. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ohun tó ṣe wọ́n. Èyí tó bu, èèhù tó rí bí òwú ló hù sí i lára, ìdílé kan náà ni òun àti olú. Èyí tó kan, àwọn kòkòrò tó ń ṣe ásíìdì ni; àwọn kan nínú wọn ló ń bá wa ṣe ògì. Ìyá tó ń dáná ti pín wọn sọ́tọ̀ kí ilé ẹ̀kọ́ tó dé.

Bẹ́ẹ̀ ni ti yíyọ nǹkan kúrò nínú nǹkan. Ògì la ń sẹ́, èlùbọ́ la ń kù, ajọ̀ la fi ń jọ gàrí, ẹ̀wà la ń fẹ́ ìyàngbò rẹ̀ dànù. Sẹ́ ní omi nínú. Kù àti jọ̀, gbígbẹ ni wọ́n ń bá lò. Fẹ́, afẹ́fẹ́ ló ń bá a ṣiṣẹ́: èyí tó fúyẹ́ fò lọ, èyí tó wúwo dúró. Bí ẹ bá ń ṣàlàyé omi ẹ̀rọ, ẹ ti ní gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́: omi odò dàrú, wọ́n bu álọ́ọ̀mù sí i, ìdọ̀tí lẹ̀ mọ́ra wọn, ó wúwo, ó rì, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wà nísàlẹ̀, omi tòrò lókè, wọ́n wá sẹ́ ẹ gba inú iyanrìn kọjá, wọ́n sì fi klórínì pa kòkòrò tó bá kù.

Ẹ ṣọ́ra fún gbé nínú ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Bàbà ń gbé iná, rọ́bà kì í gbé e: dáadáa nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí iná bá ṣáájú, tí ẹ ní "iná gbé e", wọ́n á ti máa sáré wá ẹni tó kú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ lo "ń", "ti", "tán" àti "fẹ́" bó ṣe yẹ

Omi fẹ́ hó. Omi ń hó. Omi ti hó. Omi hó gbẹ. Ipele mẹ́rin nìyẹn, a kò sì yí ọ̀rọ̀-ìṣe padà. Àwọn tó ń kọ sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá máa ń fi "máa ń" kun gbogbo gbólóhùn, títí tí ènìyàn ò fi mọ èyí tó ń lọ lọ́wọ́ mọ́. Ẹ fi "máa ń" sílẹ̀ fún ohun tó jẹ́ ìṣe rẹ̀ nígbà gbogbo. Tí ẹ bá ń tẹ̀lé nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, "ń" àti "ti" ni iṣẹ́ kàn.

"Tán" ń ṣiṣẹ́ tí a kò kà sí. Ẹ gbé yìnyín sínú ife pẹ̀lú omi díẹ̀, kí ẹ ki òṣùwọ̀n ooru bọ̀ ọ́, kí ẹ máa rò ó. Níwọ̀n ìgbà tí yìnyín bá ṣì ń yọ́, òṣùwọ̀n kò ní kúrò níbi 0°C, bí yàrá ti wù kó gbóná tó. Ó di ìgbà tí yìnyín bá yọ́ tán kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í móoru. Gbogbo ooru tó wọlé ṣáájú, yíyọ́ ló ná an sí. "Ń yọ́" àti "yọ́ tán": ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn ni odidi ẹ̀kọ́ kan nínú físíìsì.

Fún ìdí àti ìwọ̀n, ẹ ní "bí… ṣe ń… ni… ń": bí iná ṣe ń pọ̀ sí i ni omi ń yá híhó, bí a ṣe ń gun òkè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́. Fún ètò, "kí… tó" àti "bí… bá ti… ni". Ẹ kò nílò "èyí ni ó ṣe okùnfà" níbì kankan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: orúkọ wá kàn

Tí gbólóhùn bá ti dúró, tí ẹ sì nílò orúkọ láti fi ṣe àkọlé tàbí láti fi bi ìbéèrè, ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ pe ìró tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi "í" sáàárín: yíyọ́, dídì, híhó, gbígbẹ, kíkan, jíjẹrà. Gbogbo ènìyàn lóye rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Fún ẹ̀rọ, ẹ wo bí àwọn tó ṣáájú ti ṣe é. Ẹ̀rọ amúnáwá, ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ ìránṣọ: iṣẹ́ tó ń ṣe ló wà nínú orúkọ rẹ̀. Àmọ́ ẹ má ṣe é ní àṣejù. Orúkọ tó bá gùn ju èémí kan lọ, kò sẹ́ni tó máa pè é. Bí àwọn tó ń tún un ṣe bá sì ti ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, kọ̀mpírẹ́sọ̀, bátìrì, páìpù, gáàsì, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún mẹkáníìkì pé kó wo "àpótí ìpamọ́ agbára" ọkọ̀ òun á pẹ́ níbẹ̀.

Irin tó ń dógùn-ún jẹ́ àpẹẹrẹ bí méjèèjì ṣe ń bára gbé. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa ni dógùn-ún. Ọ́síjìn kò ní orúkọ míì lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Nítorí náà: "Bí omi àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ bá jọ kan irin, irin á dógùn-ún. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá sí, kò ní dógùn-ún. Iyọ̀ ń mú un yá, ìdí nìyẹn tí irin etí òkun fi ń tètè jẹ. Sínkì tí wọ́n fi bo páànù ni kì í jẹ́ kí omi àti afẹ́fẹ́ dé ara irin inú rẹ̀." Kò sí ẹni tí yóò bínú sí ọ́síjìn níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ìwọ̀n àti nọ́ńbà

Ẹ fi nọ́ńbà kọ iye, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nínú ìwé ìṣirò. Fún ooru, ẹ fi ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ gbè é lẹ́sẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ilé kò ní òṣùwọ̀n: tutù nini, tutù, lọ́ wọ́ọ́rọ́, gbóná, gbóná janjan, hó. Omi tí a ó fi ìwúkàrà sí láti po búrẹ́dì, lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Bó bá gbóná janjan, á pa ìwúkàrà. Ẹni tó bá ki ọwọ́ bọ omi mọ èyí tí ẹ ń wí.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ kọ ọ́ pa pọ̀

Fíríìjì tí a fi bẹ̀rẹ̀ rèé, bí èmi yóò ṣe kọ ọ́:

"Gáàsì kan ń yí po nínú páìpù fíríìjì. Kọ̀mpírẹ́sọ̀, èyí tó ń kùn lẹ́yìn rẹ̀, ń tẹ gáàsì náà pọ̀. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni gáàsì ń gbóná. Gáàsì gbígbóná yìí gba inú páìpù tó lọ́ káàkiri ẹ̀yìn fíríìjì, ó tú ooru rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ yàrá, ó sì di ohun tó ń ṣàn bí omi. Ohun tó ń ṣàn náà wá gba ojú páìpù kan tó tín-ín-rín kọjá. Bó ṣe bọ́ síbi tó fẹ̀ ní òdìkejì, ó di gáàsì padà. Kó tó lè di gáàsì, ó gbọ́dọ̀ rí ooru. Inú fíríìjì ló ti ń fà á. Ooru kúrò lára omi àti ọbẹ̀ tó wà níbẹ̀, wọ́n tutù. Gáàsì padà sọ́dọ̀ kọ̀mpírẹ́sọ̀, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́."

Ẹ ka àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀: yí, kùn, tẹ̀, gbóná, tú, di, bọ́, fà, kúrò, tutù. Ọmọdé mọ gbogbo wọn. Orúkọ àjèjì tó wà níbẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ. Ohun tí àlàyé náà sì gbé jáde tí "ẹ̀rọ tó ń ṣe òtútù" kò ní gbé jáde láéláé ni pé fíríìjì kì í ṣe òtútù rárá. Ooru ló ń kó láti inú sí ìta. Nítorí náà ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì sílẹ̀ kí yàrá lè tutù ń mú yàrá gbóná ni, owó iná rẹ̀ á sì sọ fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ẹ kà á sí etí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà

Kì í ṣe ọ̀mọ̀wé ni kí ẹ gbé e lọ bá lákọ̀ọ́kọ́. Ti fíríìjì, ẹ kà á fún ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe. Ti gàrí, fún ìyá tó wà nídìí agbada. Ti irin, fún wẹ́dà. Ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ pa ìwé dé, kí ẹ ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un sọ." Ẹ má dá a dúró bó bá ń sọ̀rọ̀. Ibi tó bá ti fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ rọ́pò tiyín, tirẹ̀ ni kí ẹ mú. Ibi tó bá ti fò, ó ṣeé ṣe kí gbólóhùn yín gùn jù níbẹ̀. Ibi tó bá sì ti sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ má bá a jà. Ẹ lọ tún ibẹ̀ kọ.

Ẹ ní ìwé kékeré kan fún àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ bá rí báyìí, kí ẹ kọ gbólóhùn tí ẹ ti gbọ́ ọ àti ìlú tí ẹni tó sọ ọ́ ti wá mọ́ ọn, torí ẹ̀gẹ́ lẹ́nu ẹnì kan ni gbágùúdá lẹ́nu ẹlòmíràn, pákí ni ẹlòmíràn ń pè é. Nígbà tí ẹ bá wá ń kọ, ẹ mú èyí tí àwọn tí ẹ ń kọ ọ́ fún ń lò, ẹ dárúkọ ìyókù lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì yí i padà mọ́ títí ẹ ó fi kọ ọ́ tán.